Kànga Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ẹni tó bá fẹ́ràn ariwo, kó má ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ní n kò kìlọ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló wá bá mi níjọ́sí, ó ti fẹ́ wọ Yunifásítì, ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa òkúta, ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀, torí pé iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn rìnrìn àjò ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ìrìn àjò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni wàá rìn ín. Nítorí tirẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé rẹpẹtẹ: mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ omi ìjọba, wọ́n pè mí, wọ́n ní Ọ̀wọ̀ ni kí n máa lọ. Ọdún 1984 nìyẹn. Owó oṣù ò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́, ó parí. Iṣẹ́ wa ni pé kí a máa wá ibi tí omi wà lábẹ́ àpáta fún àwọn ìlú àti abúlé káàkiri Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, kí a mọ irú òkúta tó wà níbẹ̀, kí a sì yẹ omi náà wò bóyá ó ṣeé mu.

Ọ̀gá Yésúfù ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, láti ilé àwọn Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ láàárín ìgboro. Èèyàn kúkurú, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó máa pariwo.

Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, ó mú mi lọ sí àwọn òkè ẹ̀yìn Ìṣùadà. Ibi mọ́kànlá la dúró sí láti àárọ̀. Níbì kọ̀ọ̀kan, mo kọ irú òkúta tí mo rí àti apá ibi tó tẹ̀ sí. Bírò ni mo fi kọ ọ́, bírò tuntun, mo ń ṣe fáàrí. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójò dé. Ká tó dé ìdí ọkọ̀, gbogbo ìwé mi ti di aró. Ọ̀gá gbà á, ó ṣí i wò, ó dá a padà fún mi.

"Kí lo fi kọ ọ́?"

"Bírò ni, sà."

"Kí ni mo ní kí o mú wá?"

"Pẹ́ńsù, sà."

"Ó dáa. Lọ́la, wàá padà lọ sí ibi mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

"Ṣé pẹ̀lú yín, sà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Èmi kẹ̀? Ṣé tèmi náà pa rẹ́ ni?"

Èmi nìkan ni mo gun òkè wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé òkè máa ń dákẹ́ débi pé èèyàn á máa gbọ́ èémí ara rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀, mo sì ń ṣe é di òní.

Ó kọ́ mi láti máa lá òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Òkúta tó bá ti ń rà di amọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Èyí tí kò tíì rà kì í lẹ̀. Àwọn obìnrin kan tó ń bọ̀ láti oko rí mi níbi tí mo ti ń lá àpáta, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Ọ̀kan pariwo pé, "Yéè! Ẹ wá wo ọmọ tó kàwé! Ebi ti mú un débi òkúta!" Wọ́n bu iṣu sísun fún mi lóòótọ́. Ojú tì mí, mo nawọ́ kí n gbà á, Ọ̀gá sì gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

Òfin rẹ̀ tó le jù nìyẹn, ti oúnjẹ. A kì í fi nǹkan kan ẹnu ní abúlé tí a bá lọ yan kànga fún, títí a ó fi rìn yí ibẹ̀ ká: òkè, ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń da ààtàn sí, ibi tí wọ́n ń so ẹran mọ́, ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilẹ̀ là ń wò kí a tó gbẹ́ kànga.

"Tí o bá ti jẹ iyán èèyàn," ló wí, "ojú á máa tì ọ́ láti bi í níbi tó ń ṣu sí."

Mo pè é ní ìgbéraga nígbà náà. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Irinṣẹ́ wa kò ju òòlù, kọ́ńpáàsì, awò kékeré tí a ń so kọ́ ọrùn, àti ẹsẹ̀ wa méjèèjì. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé, èyí tí a máa ń fi bátìrì ọkọ̀ gbé iná gba inú ilẹ̀. A ó kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ó na wáyà gbọọrọ láàárín wọn, a ó wo bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ kí iná kọjá sí, ìyẹn la ó fi mọ ibi tí omi ṣeé ṣe kó wà. Inú mi dùn sí i. Nígbà tó fi máa di pé mo fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà ti ń ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ tuntun kò sì lá òkúta mọ́. Ọ̀gá Yésúfù kò fẹ́ràn ẹ̀rọ wa yẹn rárá. Ó ní ẹ̀rọ á sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ fún ọ, kò ní sọ ẹni tó ń gbé lókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fẹ̀yìn tì, ó ku èmi nìkan.

Mo fẹ́ ìyàwó ní tèmi. Tíṣà ni, Àkúrẹ́ ló ń gbé. Mo máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú igbó kí n tó fi ọjọ́ méjì kí i. Nígbà kan tí mo dé, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán, ó wá ní, "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé báyìí. Ìgbà tí ẹ bá dé gan-an lara mi kì í balẹ̀." A ò jà. Ó kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin, a ò sì tíì bímọ. Mo padà sínú igbó lọ́jọ́ kejì, torí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ìgbà yẹn ni mo dé Abà Ọlọ́sàn, abúlé oko kékeré kan lọ́nà Ìdógùn. Tẹ́ ẹ bá wá a lórí máàpù, ẹ ò ní rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò kan tó jìnnà ni àwọn obìnrin wọn ti ń pọnmi, wọ́n á ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rá kòrò lórí àpáta wọn, mo ń tẹ̀ lé ojú ibi tó ti sán, nítorí inú ibi tí àpáta bá ti sán lomi máa ń gbà. Mo fi ọwọ́ mi tọ́ka sí ilẹ̀ kan nísàlẹ̀ abà, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí omi yọ, Màmá Rẹ̀mí, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn obìnrin abà, bu omi náà dà sí mi lórí, ó ń jó, ó ń sunkún. Ó ní, "Ọmọ mi! Ọmọ tí mo bí láìrọbí!" Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí lọ́mọ. Èmi náà sunkún, mi ò ní parọ́.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sùn sínú àgọ́ mọ́. Wọ́n kọ́ yàrá kan fún mi lókè abà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n sì gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ṣáláńgá kankan ní gbogbo abà náà tẹ́lẹ̀, igbó ni tọmọdé tàgbà ń lọ. Màmá ní ẹni ńlá ò lè máa wọ igbó bíi tàwọn. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ wò ó, iyán ti wà nílẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ti wà nínú ọbẹ̀. Mo jẹ iyán. Mi ò rìn.

Mo mọ̀ pé òkè ni ilé náà wà. Mo mọ̀ pé ojú sísán àpáta yẹn, láti òkè ló ti ń bọ̀ wá sídìí kànga. Ohun méjèèjì wà lórí mi, ṣùgbọ́n mi ò mú wọn pàdé. Omi náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ṣáláńgá tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé ìgò àyẹ̀wò síwájú àwọn tó ń bu omi fún mi mu, bí ẹni pé mo fura sí wọn? Ojú ń tì mí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ní ilé. Tí mo bá ti Imọ̀rù tàbí ibòmíràn dé, Màmá á ti ọ̀nà jíjìn kígbe pé, "Jẹun kí o tó sọ̀rọ̀!" Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó láti Ìṣùadà, Bùnmi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, iyanrìn ló fi ń fọ ìkòkò títí á fi máa dán. Wọ́n bí Ayọ̀. Ayọ̀ kò tíì pé ọdún méjì tó ti ń kó òkúta mi sẹ́nu. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ wo àrólé mi.

Òjò ọdún kẹta pọ̀. Imọ̀rù ni mo wà nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ abà. Àwọn yòókù yè é. Ayọ̀ kò yè é. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ti sin ín.

Mo bá Màmá níwájú ilé, kò pariwo sí mi láti òkèèrè. Ó ní, "Ọ̀bùn ni Rẹ̀mí gbé wá fún mi. Kò fọ igbá, kò fọwọ́, ó fi ẹ̀gbin pa ọmọ ọmọ mi. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìṣùadà. Lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n wá mú ọmọ wọn." Bùnmi wà nínú ilé, mo ń gbọ́ ọ tó ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo bu omi kànga sínú ìgò, mo gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́rú, èsì jáde: ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú omi náà. Mo gba ilé Ọ̀gá Yésúfù lọ. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ó ń fi ohùn dá èèyàn mọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣáláńgá ta ló wà lókè kànga yẹn?"

"Tèmi ni, sà. Èmi ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún."

"O jẹun níbẹ̀ kí o tó rìn," ló wí. Kò bi mí ní ìbéèrè.

"Kí ni kí n ṣe, sà?"

"Lọ rí i dájú. Tó bá sì dájú, kí lo tún ń bi mí?" Ó wá ọ̀pá rẹ̀ kàn, ó dìde lọ kírun alásáàrì, ó fi mí sílẹ̀ lórí àga.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo padà sí abà. Mo parọ́ fún wọn pé mo fẹ́ fọ kànga, kí wọ́n lọ máa pọnmi lódò. Mo wá da àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú kan sínú ṣáláńgá mi, àwọ̀ ewé tí a máa ń dà sínú omi láti mọ ibi tó ń gbà. Òjò rọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo sọ korobá sínú kànga, mo fà á sókè. Omi náà rí bí omi ewúro. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò mi ló wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Kí n sọ tòótọ́ fún yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́: mo rò ó láti panu mọ́. Ta ló máa mọ̀? Mo lè dí ṣáláńgá, kí n ní kànga ti dàgbà, kí n yan òmíràn fún wọn. Bùnmi á lọ, wọ́n á fẹ́ ìyàwó míì, Màmá á ṣì máa pè mí lọ́mọ. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ilé kan ṣoṣo tí mo ní láyé ti lọ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo fi bá ara mi jà.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá Bùnmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin dé láti Ìṣùadà. Ẹrù Bùnmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àpótí kan àti ẹní kan. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, àgbàlagbà tó ti hu ewú, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kò dá. Nígbà tí mo rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

"Màmá, Bùnmi kọ́. Èmi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Mo ní ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé mi ni ìgbẹ́ ti ń gba inú àpáta bọ́ sí kànga, mo sì gbé korobá omi ewé yẹn síwájú wọn. Rẹ̀mí fò dìde sí mi. Màmá ní, "Fi í sílẹ̀." Ó tẹjú mọ́ korobá náà pẹ́.

"Ṣáláńgá tí a gbẹ́ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àwa la fọwọ́ wa gbẹ́ ẹ." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo bá wọn ru iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Màmá. Èmi mọ̀. Ìdí tí ìjọba fi rán mi wá ni pé kí n mọ̀ ọ́n. Mi ò wò ó."

Ó dìde, ó lọ gbé àpótí Bùnmi fúnra rẹ̀, ó gbé e wọlé. Nígbà tó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. Èyí tí mo rí nìyẹn tí mi ò lè gbàgbé: ìyá ọkọ tó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Bùnmi bú sẹ́kún, àwọn méjèèjì di mọ́ra wọn. Bàbá Bùnmi kò wò mí. Kò sẹ́ni tó wò mí. Wọn ò bú mi, wọn ò lù mí. Ì bá dára tí wọ́n bá lù mí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi dí ṣáláńgá náà, èmi nìkan. Ẹnì kan ń gbé oúnjẹ sílẹ̀kùn mi, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń lọ. Nígbà tí mo di ẹrù mi, Bùnmi ló bá mi ru àpótí òkúta dé ojú títì. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ò jẹ́ kí n lọ bí ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá mọ́. Tí mo bá ń rí yín, Ayọ̀ ni mò ń rí."

Mo ní mo gbọ́. Ó ti fẹ́ máa lọ, ó tún yí padà.

"Báwo la ṣe máa wá mọ̀ tí omi bá dára?"

Mo mú ìgò kan jáde nínú ẹrù mi, mo kọ́ ọ: kó fi omi náà gan-an ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó rọ ọ́ kún dé ẹnu, kó má ṣe ṣẹ́ ibì kankan kù fún afẹ́fẹ́, kó dé e pinpin, kó fi ìwé wé e kí oòrùn má rí i. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó gba ìgò náà, ó lọ.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo yan kànga púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ebi pa mí dé ilé láìmọye ìgbà, mi ò jẹun ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo gbéra ga. Mi ò ní ọ̀rẹ́ ní abúlé kankan. Tí mo bá gba ọ̀nà Ìdógùn, mo máa ń yíjú sí apá kejì níbi ìyànà abà wọn.

Ṣọlá, ọ̀dọ́bìnrin tó wà lábẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ló bá wọn yan kànga tuntun lókè pátápátá. Ọdọọdún ló ń lọ wò ó. Nígbà òjò ọdún àkọ́kọ́, ó gbé ìgò kan tí a fi ìwé wé wá fún mi, ó ní ìyàwó kan ní Abà Ọlọ́sàn ló ní kí òun gbé e fún "bàbá tó ń yẹ omi wò." Mo wò ó. Ó kún dé ẹnu, afẹ́fẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé, "Omi yìí dára," mo fi rán Ṣọlá. Ọdọọdún nígbà òjò, ìgò dé, ìwé lọ. Kò kọ ìkíni sí i, èmi náà kò kọ. Mo mọ̀ pé wọ́n tún bímọ méjì, torí Ṣọlá lẹ́nu.

Orúnkún mi ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ̀yìn tì, mo gba yàrá méjì ní Ọ̀wọ̀, èmi pẹ̀lú àwọn òkúta mi. Ní 1999, nígbà òjò, Ṣọlá kanlẹ̀kùn. Ìgò tí a fi ìwé wé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣọlá, o ò sọ fún un pé mo ti fẹ̀yìn tì? Kí ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo sọ fún un, sà. Mo ní ẹ ò sí ní ọ́fíìsì mọ́, pé èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní rárá o. Ó ní èyí kì í ṣe ti àyẹ̀wò."

Mo ní kó jókòó. Mo tú ìwé ara ìgò náà, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sẹ́nu, mo sì mu ún tán.